Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ẹni Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Bá Lẹ́yìn Odi

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń pé jọ nínú ìjọ yìí, kì í ṣe Àbújá ni a bí wa sí. Ìwé ìṣípòpadà láti ọ́fíìsì ló gbé àwọn kan wá, ọjà títà ló gbé àwọn mìíràn wá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọkọ tàbí aya ni wọ́n tẹ̀ lé. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kan fi wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: bí a bá ti gba owó ìfẹ̀yìntì, bí ọjà bá ti gbé wa dé ibi kan, bí a bá ti padà sílé, nígbà náà ni a ó wá mọ ohun tí Ọlọ́run dá wa fún, tí a ó sì máa ṣe é. A wá ń gbé ayé wa bí ẹni tó jókòó ní gáréèjì tó ń dúró de ọkọ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe mú ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wá sínú ìwé ìsìn wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bíbélì Yorùbá tí a ń gbé wá sí ìsìn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń sọ nípa rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ni pé ó di ẹrú, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. A kì í sábà sọ ohun tó wà láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní nǹkan bí 1807 ni wọ́n bí Àjàyí ní Oṣóògùn, ìlú kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti òde òní. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ogun ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jókòó sídìí òfì bàbá rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, kí orúkọ rẹ̀ má sì kọjá ọjà Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́ ní àkókò náà, àwọn akónilẹ́rú sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821, bí àwọn obìnrin ti ń gbọ́únjẹ lọ́wọ́, ogun wọ Oṣóògùn. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n kó ìyá, ọmọ, àti àwọn àbúrò pọ̀, wọ́n so wọ́n lókùn, láìpẹ́ wọ́n sì pín wọn: ọ̀tọ̀ ni ẹni tó gba ìyá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó gba ọmọ.

Ìyà tó jẹ láàárín ọdún kan àti díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pọ̀ nínú ìwé, èmi kò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nígbà kan wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin náà kò sì tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ọmọ padà bí ìgbà tí oníbàárà dá aṣọ padà fún aláṣọ. Nígbà mìíràn, tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Ẹ̀rù òyìnbó bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ro ti pípa ara rẹ̀ lóru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ní oṣù April 1822 wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí ní Èkó. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon fi mú ọkọ̀ náà lójú òkun. Ẹ má ṣe rò pé inú àwọn ọmọ náà dùn. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ogun tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, tí wọ́n sì rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Ìgbàlà dé, ẹni tí a gbà là kò mọ̀ ọ́n ní ìgbàlà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù June 1822 ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ní Sàró. Wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst, lọ́dọ̀ àwọn ará ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà, òun náà kò sì mọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́, ó kọ́ ọ. Wọ́n fún un ní ìwé, ó mú un. Kò pé ọdún kan kí ó tó lè ka Májẹ̀mú Titun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù December 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ akónilẹ́rú bí tirẹ̀, tí wọ́n sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi.

Bí ẹ bá wo nǹkan bí ogún ọdún yìí, ẹ ò rí ìran kankan tó sọ fún un pé yóò di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó rí káfíńtà, ẹ ó rí ọmọ ilé-ìwé, ẹ ó rí olùkọ́ abúlé tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n fún un ló ṣe. Èmi rò pé ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣi ìpè Ọlọ́run lóye, tí a fi ń wá a lórí òkè nígbà tí iṣẹ́ oókan wa ń kú lọ.

Ẹ̀bùn kan wà tó ń farahàn díẹ̀díẹ̀: ẹ̀bùn èdè. Ní Sàró, Àkú ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, nítorí ìkíni wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n fi mọ̀ wá sí àlejò. Crowther mú èdè yìí kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń pè é àti ohun tó túmọ̀ sí. Ní 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wọ odò Ọya láti ṣí ọ̀nà òwò tí yóò rọ́pò òwò ẹrú. Crowther bá wọn lọ pẹ̀lú àlùfáà J. F. Schön. Ibà pa àwọn òyìnbó ní ìpakúpa, iṣẹ́ náà sì forí ṣánpọ́n. Ṣùgbọ́n Schön kọ̀wé sílé pé ẹni tó ń jẹ́ Crowther yìí yẹ fún iṣẹ́ àlùfáà. Wọ́n pè é lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Ọdún náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Ní 1844 ó ṣe ìsìn ní Freetown ní èdè Yorùbá, àwọn Àkú sì wọ́ wá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá wọn. Èdè tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ sí àjèjì ti wọ ilé Ọlọ́run.

Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àlùfáà Townsend àti Gollmer. Ogun dí ọ̀nà, Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá tí wọ́n ń lọ bá sì ti kú, wọ́n dúró síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ní oṣù August 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni ó ti lọ tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Òun náà ti jẹ ìyà oko ẹrú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á padà. Nígbà tí ó gbọ́ pé Àjàyí wà ní Abẹ́òkúta, ó gbéra. Bí ìyá àti ọmọ ti pàdé, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó fetí sí ọ̀rọ̀ Olúwa, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1848. Hánnà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó pẹ́ láyé gan-an. 1883 ló tó lọ ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá parí ìtàn síbí, nítorí ìyà ti tán, ọmọ ti délé, ìyá ti rí ọmọ. Àwa Yorùbá kúkú máa ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí Crowther bá gbé Abẹ́òkúta títí dọjọ́ ikú, tí ó ń túmọ̀ Bíbélì, tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 1854 wọ́n tún pè é wọ odò Ọya, pẹ̀lú Dókítà Baikie, nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Pleiad. Wọ́n lo egbòogi ibà tí à ń pè ní quinine, ẹnikẹ́ni kò kú nínú wọn, wọ́n sì wọ inú odò Bẹ́núé lọ jìnnà. Ní 1857 ó tún padà. Ó fi àlùfáà J. C. Taylor, tó jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Sàró, síbi iṣẹ́ ní Onitsha. Ọkọ̀ tó gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sókè odò, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Dípò kí ó máa ráhùn, ó lo àkókò náà láti mọ àwọn Tápà àti èdè wọn.

Ní 1858 ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Gbébé, ní ìhà ìlà-oòrùn odò, kò jìnnà sí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ẹni tó bá ti gba Gwagwalada, Abaji àti Koton-Karfe lọ sílé fún ọdún ti kọjá nítòsí ibẹ̀, bóyá oorun ló ń sùn nínú ọkọ̀. Ìlú ọjà ni Gbébé. Ìgbìrà wà níbẹ̀, Ìgalà wà níbẹ̀, àti Tápà, Haúsá àti Yorùbá pẹ̀lú. Ẹni tó mọ Wúsè tàbí Nyanya yóò mọ irú ibẹ̀. Ní 1862 wọ́n ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ogun tú Gbébé ká ní 1866, iṣẹ́ náà sì kọjá sí Lọ́kọ́ja ní òdìkejì odò. Ọkùnrin tó ti rí ìlú tirẹ̀ tó jó rí nígbà èwe tún rí ìlú tó gbin ìjọ sí tó tú. Kò torí bẹ́ẹ̀ padà sílé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1864 ni wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sí ipò náà. Kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Henry Venn, akọ̀wé CMS, ló rọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Èkó kò sí níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wà ní Abẹ́òkúta, Townsend sì ni olórí wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọ̀gá wọn, nítorí náà Abẹ́òkúta náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ó sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Èkó ni ilé rẹ̀ wà, ó sì ń fi ọkọ̀ àwọn oníṣòwò lọ bẹ àwọn ìjọ odò Ọya wò lọ́dọọdún. Alápadà ìyàtọ̀ ni èyí sí pásítọ̀ tó ń gbé àárín agbo. Kò mọ Ìgbò tàbí Tápà bí ó ti mọ Yorùbá, ògbufọ̀ ló sábà máa ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe ìwé àkọ́kà Ìgbò ní 1857, ó sì kọ ìwé gírámà Tápà lẹ́yìn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Sàró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì hu ìwà tó yẹ. Bí ó ti rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ní Bonny, níbi tí ọba fúnra rẹ̀ ti pè é wá, àwọn ará ìlú kọ bíbọ awọ́nríwọ́n sílẹ̀ ní Àjíǹde 1867. Ní ọdún 1867 kan náà, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko dè é mọ́lẹ̀ nítòsí Ìdàh, ó ń béèrè owó ìràpadà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, ló wá gbà á sílẹ̀, ọfà sì pa Fell. Ẹrú ni ó ti jẹ rí, wọ́n tún fẹ́ tà á fún ara rẹ̀ nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù. Láti oṣù November 1871 dé oṣù February 1872, ní ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gba orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ sí Bídá, ó gba Ìlọrin, ó sì dé Èkó. Ní Ìlọrin ó jókòó pẹ̀lú ẹ́míà àti àwọn ààfáà rẹ̀, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́. Bíbélì Yorùbá ló fi ń dá wọn lóhùn, kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń gbé pọ̀ pẹ̀lú Mùsùlùmí nínú ọ́fíìsì àti nínú ọjà lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àwọn oníṣòwò wa náà yóò fẹ́ gbọ́ pé kò fi òwò sí ìhà kejì ìpè Ọlọ́run. Ó gbà pé níbi tí a bá ti ń ta òwú àti epo pupa, kò ní sí ìdí láti ta ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ Josiah jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ oníṣòwò lórí odò Ọya, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì jẹ́ áàṣídíákónì. Èyí tó ń jẹ́ Herbert Macaulay, ẹni tí a rí àwòrán rẹ̀ lórí owó náírà kan, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀ ni.

Ní gbogbo àkókò yìí kò gbé Bíbélì sílẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló túmọ̀ rẹ̀. Àlùfáà Thomas King ṣe ribiribi, àwọn mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí Crowther gbà ṣe é ni kí ó máa fetí sí àwọn àgbàlagbà, kí ó máa kó òwe àti ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu wọn. Kò bẹ̀rù láti mú àlùfáà, àdúrà àti ìwàásù, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti gbà lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, wọ inú Bíbélì. Lórí bí wọ́n ṣe fi Èṣù túmọ̀ Sátánì, àríyànjiyàn kò tíì tán títí di òní, èmi kò sì ní parí rẹ̀ lórí ewé ìwé kékeré yìí. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti kó jọ fún ọdún mọ́kànlá jóná pátá. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1884 gbogbo Bíbélì Yorùbá parí. Nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógójì ti kọjá láti ìgbà tí ó kọ́kọ́ wọ odò Ọya pẹ̀lú Schön.

Ìparí rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Venn ti kú ní 1873, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan sì dé odò Ọya pẹ̀lú ìtara àti ìwé-ẹ̀rí. Ní oṣù August 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Dandeson pẹ̀lú, wọn kò sì ka ti bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó láàárín wọn sí. Bí àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n dá dúró tilẹ̀ jẹ̀bi, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò bójú mu. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú wa tí ọ̀gá kékeré ti já ipò gbà lọ́wọ́ wọn yóò mọ bí ó ti ń dunni.

Kò lọ jókòó sílé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń bá àwọn ìjọ agbègbè Bonny ṣètò bí wọn yóò ti máa fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run, láìwo ojú Lọ́ńdọ̀nù. Ètò náà ni a mọ̀ sí Niger Delta Pastorate, Dandeson ni ó sì di olórí rẹ̀. Àìsàn dé, ó sì sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún sí ọjọ́ náà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá yìí, ní ọjọ́ 12 oṣù December 1991.

Òyìnbó, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1893 wọ́n fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips ṣe bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́. Ó di 1952 kí ọmọ Yorùbá, A. B. Akínyẹlé, tó di bíṣọ́ọ̀bù tó ni dáyósíìsì Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù June 2014, tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi Crowther joyè, Justin Welby, Àṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ìwà tí wọ́n hù sí i. Ìjọ tó gbìn sí Lọ́kọ́ja ṣì ń jọ́sìn.